Àdúrà Tí A Kà Sínú Kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá Múfú

Táófíìkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló fa ohun tí mò ń kọ yìí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà ń ṣe. Òun ló máa ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé. Bí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, á jókòó, á kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí ojú ewé kan tí ó ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, á ní fóònù tuntun yìí kò dára tó ti àtijọ́. Lọ́la, á júwe ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ ohùn gbogbo ẹyẹ ayé láì dìde lórí àga. Mo máa ń kà á. Fọ́ọ̀mù tú ni ìwé mi mọ, nítorí náà ìka ni mo fi ń tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á dé ìsàlẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa tí yóò kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀ ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Nínú àwa tí a mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, èmi nìkan ló kù, ọwọ́ mi gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀ sì wà.

Ní agbo ilé wa ní Òwu, kì í ṣe àkùkọ ló máa ń jí wa. Abọ́ tánganran ni. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló ń tà á. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ lérí ara wọn, gbàǹgà, gbàǹgà, títí gbogbo ilé yóò fi lajú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi àkísà nu abọ́ náà kí ó máa dán, kí n tó gbá ìgbẹ́ adìẹ lójúde, kí n tó pọnmi, kí n tó rí ẹ̀kọ àti àkàrà jẹ. Bàbá wa ń wa ọkọ̀ ńlá lọ sí Òkè Ọya, a kì í sábà rí wọn. Nítorí náà Ìyá àgbà ló ni àṣẹ, Màámi ló ni ìkòkò láfún àti ọbẹ̀ ìṣápá, Bọ̀dá Múfú, ẹ̀gbọ́n mi, ló ni ọgbọ́n ilé. Èmi ni mo ni ẹ̀rù. N kò ní purọ́. Mo bẹ̀rù kànga, mo bẹ̀rù tòlótòló ilé kejì, mo bẹ̀rù súwíìṣì iná tí ó máa ń ta ṣá bí ọwọ́ bá tutù. Bí mo bá sáré wọlé, Ìyá àgbà á gbójú sókè láàárín abọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ráṣíìdì, ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Kí ló ń lé ọ lónìí?" Màá ní, "Tòlótòló ni, Ìyá àgbà." "Tòlótòló! Ọkọ mi, ẹsẹ̀ yìí lo máa fi sáré dé Mẹ́kà." Iṣẹ́ rìwáyà ni mo padà wá kọ́, pé kí n máa tún iná ọkọ̀ ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Títí di òní, n kò lè fọwọ́ kan orí bátìrì láì kọ́kọ́ ṣe bísímílà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì rò pé ìgbàgbọ́ mi ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Bọ̀dá Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà kékeré kan ta á lọ́rẹ. Kò tóbi ju sìléètì ọmọ iléèwé lọ, dúdú ni, bọ́tìnnì rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà tó rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Kò ní ojú tirẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn tó wà ní pálọ̀ ló ń yá lò. Kò sì ní ìrántí: bí iná bá ti lọ báyìí, gbogbo ohun tí Bọ̀dá kọ́ ọ ti lọ nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì ló ń bá a rántí, irú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí a fi ń gbọ́ wáàsí. Bọ̀dá á fi wáyà so rédíò Màámi mọ́ ọn, á tẹ kásẹ́ẹ̀tì, rédíò kò sì ní dún pín-ín nítorí pé wáyà ti gba ohùn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ohun tí ó kọ lánàá á padà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi mọ irú ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo bi Táófíìkì léèrè nígbà kan pé níbo ni òun ń kó iṣẹ́ tirẹ̀ pamọ́ sí. Ó ní ó wà ní ìlú òyìnbó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, pé bí ti ibì kan bá bàjẹ́, ti ibòmíràn á wà. Mo ní, "Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀?" Ó ní, "Bàbá kékeré, kò kan òjò." Inú mi dùn fún un. Ti bàbá rẹ̀ kò ní ju ibì kan lọ, orí tẹlifíṣọ̀n ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbin àgbàdo títí iṣu tuntun fi kún ọjà ni Bọ̀dá fi ń kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Á kọ ọ́ sínú ìwé, á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kọ̀, á tún un ṣe, kò sì ní padà wá tún ti inú ìwé ṣe mọ́. Ó fi orúkọ gbogbo ará agbo ilé dán an wò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó tó, ó pè wá jọ sí pálọ̀, ó ní kí á dárúkọ ẹni tí a bá fẹ́. Ìyá àgbà ní, "Wá mi." Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣófo díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ gàdàgbà: SALAMOTU, YARA KETA, OWO OTUN. Ilé hó. Ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu. "Ó mọ̀ mí! Ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni mo sọ fún un, Ìyá àgbà."

"O sọ fún un, ó sì rántí? Ó ti sàn ju Ráṣíìdì lọ nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá wá tẹ orúkọ tèmi. Ó rí mi: yàrá kẹfà, ọ̀nà ẹ̀yìn. N kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo rò ó lọ́kàn mi pé nǹkan tí kò ní ojú, tí kò sì jáde rí, ti mọ ibi tí mò ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó lọ sórí ẹní Màámi, tí mo ní inú ló ń run mí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ni Bọ̀dá ń ṣe. Ọ́fíìsì kan wà ní Ìbarà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá fún, tí kò sì sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún Bọ̀dá pé bí ó bá lè fi hàn òun bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa wá fáìlì ẹnìkan jáde láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ó ní kí ó gbé e wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà ti gbé ilé rẹ̀ sórí àpáta. Màámi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bọ̀dá gba iṣẹ́ náà sójú kan kásẹ́ẹ̀tì, ó sì tún gba ohun kan náà sójú kejì nítorí ọjọ́ mìíràn. Ó wá fi ọ̀bẹ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ní Sátidé, ó lọ sí Kọ́bapẹ́ lọ yá táì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Bí ó ti lọ ni mo jókòó ti abọ́, tí mo ní kí n fi wáàsí dá ara mi lára yá. Mo mú kásẹ́ẹ̀tì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, mo fi sínú rédíò. Kò sí wáyà lára rédíò lọ́jọ́ náà. Ó kọ́kọ́ dún fíííí, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀fọn tó wọ inú etí. Lẹ́yìn náà ni ó fọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù, tí ó ń ké, tí kò mí. Mo fò sókè. Abọ́ mọ́kànlá ló bá mi fò. Ìyá àgbà sáré wọlé, wọ́n ń bèèrè ohun tó ń lé mi, ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn àwọn náà ti gbọ́ ọ. Wọ́n dá etí sí i pẹ́.

"Ráṣíìdì, èyí kì í ṣe ohùn èèyàn."

"Inú kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá ni, Ìyá àgbà. Àlùjànnú ni. Òun ló sọ yàrá wa fún un."

"Pa á ná." Mo pa á. Wọ́n jókòó lórí àga. "Mo ti ń wò ó pé orí ọmọ kan ṣoṣo kò lè mọ gbogbo nǹkan yẹn. Nǹkan yìí ló sì fẹ́ gbé lọ síwájú ìjọba ní Mọ́ńdè?" "Omi tí ọkàn ẹni kò bá balẹ̀ sí, a máa ń ka àdúrà sí i kí á tó mu ún. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì lè gbọ́ àdúrà bí omi ti ń gbọ́ ọ?"

Ibí yìí ni kí ẹ ti dá mi lẹ́jọ́. Ìyá àgbà kò mọ̀ pé ohun tí a bá gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì ń pa èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Lójú tiwọn, àdúrà á wọ inú rẹ̀ bí ó ti ń wọ inú omi: omi á ṣì jẹ́ omi, ohun búburú nìkan ni yóò jáde. Èmi mọ̀. Èmi ni mo máa ń gba wáàsí tuntun sórí wáàsí àtijọ́ nínú ilé. Mo rí i pé Bọ̀dá ti ṣẹ́ eyín rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gan-an ni pé kí nǹkan tó ń ké náà dákẹ́, kí ó gbàgbé yàrá mi. Mo ní, "Ó ń gbọ́ ọ, Ìyá àgbà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì pupa yìí, ó ń gbọ́." Mo ya bébà nínú ìwé ìṣirò mi, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi dí ojú ihò eyín náà bí gbogbo ọmọ ìgbà náà ti mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì tẹ pupa.

Wọ́n ka Fátíhà. Wọ́n ka Kúlúhúwà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá bọ́ sí Yorùbá, wọ́n tẹ̀ síwájú rédíò bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: "Ọlọ́run, Múfútáù rèé o. Ìwọ lo mọ ohun tó ń ṣe, àwa kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní di òfo. Jẹ́ kí wọ́n rí i ní Ìbarà kí ẹnu yà wọ́n." Mo ń ṣe àmín. Nígbà tí ó tán, wọ́n bi mí bóyá ó ti parí, mo ní ojú kan ló parí, ó ku ojú kejì. "Yí i padà," ni wọ́n wí. "A kì í fi àdúrà sílẹ̀ lábọ̀."

Bọ̀dá dé kí oòrùn tó wọ̀, táì aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí òun dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó so wáyà, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Nǹkan kan kò yọ. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà, nǹkan kan kò yọ. Ó wá fa wáyà náà yọ, ohùn Ìyá àgbà sì kún pálọ̀: "Múfútáù rèé o." Àwọn ọmọdé sáré wọlé, inú wọn ń dùn pé Ìyá àgbà wà nínú rédíò. Ìyá àgbà náà wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo bá ọ ka nǹkan sí i, ọkọ mi. Nǹkan kan ń ké nínú ẹ̀, kò dára létí. Ojú méjèèjì ni mo kà á sí." Bọ̀dá yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi èékánná yọ bébà inú ihò náà, ó sì fi í sápò. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti táì. "Ẹ ṣé, Ìyá àgbà. Àdúrà á gbà." Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò tíì rí ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Bí àgbàlagbà bá fi gbogbo ọ̀sán ṣàdúrà fún ọ, ọpẹ́ nìkan ni ìdáhùn rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sídìí kànga, ó fa omi bọ́jú, ó tún fa omíràn bọ́jú, títí Màámi fi ní kí ó jọ̀wọ́ fi omi alẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Láti ìdájí Sọ́ńdè ni ó ti ń tẹ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ó kọ ọ́ sí ti di àtijọ́, kò bá ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mu mọ́. Orí ló fi ń rántí ìyókù. Ó pè mí pé kí n wá máa ka ìwé náà fún òun. Èmi! Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, mo fi ìdí kan sórí àga, mo fi ìkejì sílẹ̀ fún sísá. Mo ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń pe nọ́ńbà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò bá mi wí. Kò wo ojú mi. Bí mo bá ṣì í kà, á kàn ní, "Tún un pè," pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dùn mí ju ìgbátí lọ. Táófíìkì, bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe nìyẹn, kí wọ́n tó bí ọ. Ní ọ̀sán, iná lọ. Kò dé títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, gbogbo ohun tí a tẹ̀ láàárọ̀ sì ti bá a lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó kó ohun tó rí kó sínú báàgì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ.

Ìyá àgbà kò gbé abọ́ lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó lójúde títí ó fi dé. "Ṣé àdúrà gbà?" Ó wo ojú wọn. "Ó gbà, Ìyá àgbà." Wọ́n kígbe, wọ́n jó, àwọn tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣe sàárà: wọ́n din àkàrà àti mọ́sà, wọ́n pín in yí Òwu ká. Mo jẹ tèmi, mo jẹ ti ẹlòmíràn. Ọkàn mi ti balẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti lé àlùjànnú jáde, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n mi wáṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni Bọ̀dá ń jáde láàárọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí ó ń dé nírọ̀lẹ́, tí Ìyá àgbà ń kí i, "Káàbọ̀, ará Ìbarà."

Lẹ́yìn bí oṣù kan, Màámi rán mi sí Kọ́bapẹ́ lọ ra gàárì. Bí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀ka igi lẹ́bàá ọ̀nà, táì aláwọ̀ ewé sì wà lára rẹ̀. Lábẹ́ igi náà ni wọ́n ti ń yọ búlọ́ọ̀kù. Bọ̀dá wà níbẹ̀ nínú ṣòkòtò gígé, sìmẹ́ńtì bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó rí mi. Ó gbé búlọ́ọ̀kù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ná, kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Màámi ni. Gàárì ni." Mo ń wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Bọ̀dá, ti Ìbarà ńkọ́?"

"Ó wá orúkọ méjì rí. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó dúró gbagidi. Wọ́n ní kí n máa lọ kọ́ ọ sí i. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, "Bọ̀dá, èmi ni. Èmi ni mo ní kí Ìyá àgbà kà á síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa pa á rẹ́."

"Mo mọ̀. Ìṣirò ìlọ́po méje ló wà lára bébà náà. Ìyá àgbà kì í ka ìlọ́po méje." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "O sì ṣì í, àní níbẹ̀."

"Ṣé kí n lọ sọ fún wọn?"

"Kí lo fẹ́ sọ? Pé àdúrà wọn ló pa iṣẹ́ mi?" Ó nu ojú, ó kàn fi sìmẹ́ńtì kún sìmẹ́ńtì ni. "Ráṣíìdì, gbọ́. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé wọn lórí. Ìwọ ṣì kéré, o lè rù ú. Mo bẹ̀ ọ́, bá mi rù ú."

Mo bá a rù ú. Ó fọ ara rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó so táì, a sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà padà sí Òwu. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ó tà á fún ọmọ yunifásítì kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a jọ dé láti Kọ́bapẹ́, bí ó ti dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá àgbà tán, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n fi súre fún un, wọn kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀. Ó ti le, ó ti sán, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sójú ibi tí ó sán. Wọ́n fi àtàǹpàkò wọn tẹ̀ ẹ́ níbí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

"Bọ́tìnnì ni ẹ̀ ń tẹ̀ tó rí báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà. Bọ́tìnnì ibẹ̀ le."

"Ó le lóòótọ́," ni wọ́n wí. Wọn kò bèèrè nǹkan mìíràn, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n kàn kọjú sí mi, wọ́n ní kí n lọ gbé igbá òrí wá láti yàrá wọn. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá tí wọn kì í fi òrí pa ọwọ́ ará Ìbarà wọn, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Èmi ni mo máa ń gbé igbá náà dání, títí wọn yóò fi parí ọwọ́ ọ̀tún, kí Bọ̀dá tó na ti òsì.